Iná Tí Kò Ní Èéfín: Ìtàn Ooru Abẹ́ Ilẹ̀ àti Ẹni Tí Ń Kọ́lé ní New York

Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Ẹni tí ó ti oko dé tí ilé rẹ̀ kò sì gbà á, oko ni ó ṣì wà. Ọ̀rọ̀ ilé ni a gbé wá lónìí. Kì í ṣe ilé tí à ń fi owó ránṣẹ́ kọ́ sí Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Òṣogbo, bí kò ṣe ilé tí àwọn kan nínú wa ń kọ́ níhìn-ín, lórí ilẹ̀ tí wọ́n fi òógùn ojú wọn rà ní Queens, ní Brooklyn, ní Bronx tàbí ní Staten Island.

Bí a bá ń kọ́lé nílé, ohun mẹ́ta ni à ń wá: ilẹ̀ tí kò ní ìjà nínú, omi tí ó mọ́, àti òrùlé tí kò jò. Níhìn-ín, ìbéèrè kẹrin wà níbẹ̀: kí ni yóò mú ilé náà gbóná? Ayálégbé kò ru ẹrù yìí. Òfin ìlú New York ti gbé e lé onílé lórí, pé láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá títí di ọjọ́ tí oṣù karùn-ún bá parí, ooru inú ilé kò gbọdọ̀ dín sí 68 ní ìwọ̀n Fahrenheit lọ́sàn-án nígbà tí ìta bá tutù ju 55 lọ, kò sì gbọdọ̀ dín sí 62 lóru. Bí ilé bá tutù, ayálégbé yóò pe ìjọba. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí ènìyàn bá di onílé, ara rẹ̀ ni yóò pè.

Ọ̀nà kan wà tí òkìkí rẹ̀ ń kàn ní ìlú yìí, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní geothermal: ẹ̀rọ tí ń fa ooru láti inú ilẹ̀ wá sínú ilé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ohun tuntun ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìtàn rẹ̀ gùn, ó sì kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ kan tí kò yẹ kí òbí kankan fojú fò: ẹni tí ó bá fi owó ọjọ́ àkọ́kọ́ nìkan yan ohun tí yóò mú ilé rẹ̀ gbóná, òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ ni yóò máa san ìyókù.

Ohun tí kànga ti kọ́ wa

Ẹni tí ó bá dàgbà ní agbo ilé tí kànga wà kò lè gbàgbé òwúrọ̀ ọyẹ́. Ètè a máa bó, gìgísẹ̀ a máa là, omi tí ó sùn síta nínú garawa a sì tutù débi pé ọmọ tí wọ́n bá ní kí ó fi wẹ̀ yóò bú sẹ́kún. Ṣùgbọ́n bí ìyá rẹ̀ bá ju dòrò sínú kànga tí ó fa omi jáde, omi náà a lọ́ wọ́ọ́rọ́. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, tí oòrùn ọ̀sán ń jó ni lórí, kànga kan náà ni à ń sáré tọ̀ nítorí pé omi rẹ̀ tutù.

Ọmọdé a máa rò pé omi ni ó ń yí padà. Omi kò yí padà. Afẹ́fẹ́ òkè ni ó ń yí. Ìsàlẹ̀ ilẹ̀ dúró sí ibi kan náà láti ọdún dé ọdún.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó rí ní New York. Ní oṣù kìíní ọdún, afẹ́fẹ́ ìlú náà a máa wà ní nǹkan bí 33 Fahrenheit, ibi tí omi ti ń di yìnyín gan-an kò sì jìnnà sí i. Ní oṣù keje, a máa ga tó 77. Ṣùgbọ́n òtútù yìnyín kì í wọ ilẹ̀ kọjá nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin. Bí a bá gbẹ́ ilẹ̀ dé ọgbọ̀n ẹsẹ̀ bàtà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, a ó bá a ní nǹkan bí 55, ìbáà ṣe ìgbà òtútù tàbí ìgbà ooru. Nígbà tí òkè bá tutù, ìsàlẹ̀ gbóná jù ú lọ. Nígbà tí òkè bá gbóná, ìsàlẹ̀ tutù jù ú lọ. Ìyàtọ̀ yìí ni gbogbo ọgbọ́n náà dúró lé.

Àmọ́ 55 kò tó fún ọmọ tí ó ń ṣe iṣẹ́ ilé-ìwé ní alẹ́. Ohun kan ní láti gbé ooru náà sókè. Kí a tó sọ ẹni tí ó wá ohun náà rí, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí ìlú yìí ti ń dá láti yáná.

Ìlú tí kò tíì bọ́ lọ́wọ́ òtútù

Igi ni àwọn ará New York kọ́kọ́ ń dá. Nígbà tí igi kò tó mọ́, èédú òkúta láti Pennsylvania gba ipò rẹ̀. Odò àgbẹ́lẹ̀ Delaware and Hudson, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1828, wà lára àwọn ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kó èédú náà wá. Ẹni tí ó ń gbé àjà karùn-ún ilé a máa ru èédú gun àtẹ̀gùn, a sì máa ru eérú padà sí ìsàlẹ̀.

Ní oṣù kẹta ọdún 1882, ilé-iṣẹ́ New York Steam Company bẹ̀rẹ̀ sí fi páìpù abẹ́ títì gbé oru omi gbígbóná lọ sí àwọn ilé ní ìsàlẹ̀ Manhattan. Oru náà kò tíì dáwọ́ dúró títí di òní. Òun ni ẹ ń rí tí ó ń rú jáde ní àárín títì bí ẹni pé ilẹ̀ ń se ọbẹ̀. Con Edison ni ó jogún iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n Manhattan nìkan ni páìpù wọ̀nyí wà, àwọn ilé ńlá ni wọ́n sì wà fún. Ní ti àwọn ilé kéékèèké Brooklyn àti Queens, epo àti gáàsì ni ó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ èédú ní ọ̀rúndún ogún.

Lẹ́yìn náà ni ọdún 1973 dé. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín Ísírẹ́lì àti àwọn aládùúgbò rẹ̀, àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá dá epo dúró fún Amẹ́ríkà, iye owó àgbá epo kan sì di nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin kí ìgbà díẹ̀ tó kọjá nínú ọdún 1974. Nàìjíríà, tí ó ti wọ ẹgbẹ́ OPEC ní ọdún 1971, kò sí lára àwọn tí ó dá epo dúró, ṣùgbọ́n èrè iye owó tuntun náà kàn án. Àwọn tí ó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba nígbà náà kò jẹ́ gbàgbé owó Udoji. Owó tí ó mú inú òṣìṣẹ́ dùn ní Ìbàdàn, nínú àpò àwọn ìdílé tí ń fi epo yáná ní ìlú bíi New York ni apá kan rẹ̀ ti wá. Ẹni tí iná ilé rẹ̀ bá wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ọjọ́ tí ẹlòmíràn bá bínú ni yóò mọ̀.

Òtútù sì ti pa àwọn ènìyàn wa ní ọ̀nà mìíràn. Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kìíní ọdún 2022, iná ṣẹ́ yọ nínú ilé gíga kan ní Bronx láti ara ẹ̀rọ kékeré oníná mànàmáná tí wọ́n fi ń mú yàrá gbóná. Èéfín gba inú ilé náà kan nítorí pé àwọn ìlẹ̀kùn tí ó yẹ kí ó ti ara wọn kò tì. Ènìyàn 17 ni ó kú, ọmọdé sì ni mẹ́jọ nínú wọn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìdílé náà ni ó jẹ́ ará Gambia, ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà bíi tiwa. A kò mẹ́nu kan èyí láti da ọgbẹ́ rú, bí kò ṣe kí a lè rántí pé ọ̀rọ̀ ohun tí ń mú ilé gbóná kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó nìkan.

Àwọn tí ó yí fìríìjì padà

Gbogbo ìyá tí ó bá ti fọwọ́ kan ẹ̀yìn fìríìjì mọ̀ pé ó máa ń gbóná. Fìríìjì kì í dá òtútù sílẹ̀. Ooru ni ó ń kó kúrò lára oúnjẹ, tí ó sì ń tú u sí ẹ̀yìn. Ẹ̀rọ tí à ń sọ yìí ń ṣe iṣẹ́ kan náà: ó ń kó ooru láti inú ilẹ̀, ó sì ń tú u sínú ilé. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọn a yí i padà, a sì máa kó ooru inú ilé lọ sínú ilẹ̀. Kì í jó ohunkóhun nínú ilé, nítorí náà kò ní èéfín, kò sì nílò ṣímínì.

Ní ọdún 1852 ni William Thomson, onímọ̀ ará Britain tí ayé wá mọ̀ sí Lord Kelvin, kọ ọ́ sílẹ̀ pé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lè mú ilé gbóná. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, Peter von Rittinger ṣe irú ẹ̀rọ náà fún iṣẹ́ iyọ̀ ní Austria. Ní ọdún 1912, Heinrich Zoelly, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Switzerland, gba ìwé àṣẹ lórí èrò àtifa ooru láti inú ilẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n iná mànàmáná ṣì wọ́n, èédú sì pọ̀, nítorí náà èrò náà dùbúlẹ̀ sínú ìwé.

Ní àwọn ọdún 1940, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Robert Webber ní Indianapolis ń ṣàyẹ̀wò fìríìsà ilé rẹ̀. Wọ́n ní ọwọ́ rẹ̀ kan páìpù tí ń tú ooru jáde, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Dípò kí ó bínú, ó ronú pé ohun tí òun ń dà nù yìí kò yẹ ní ìdànù. Ó so páìpù náà mọ́ omi tí ìdílé rẹ̀ fi ń wẹ̀; nígbà tí ó yá, ó ri páìpù mìíràn sínú ilẹ̀ láti fa ooru. Ọgbọ́n onílé kan ni èyí, kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ ńlá. Ní ọdún 1948, onímọ̀ ẹ̀rọ J. Donald Kroeker fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sí ilé ńlá kan ní Portland, ní ìpínlẹ̀ Oregon, tí a mọ̀ sí Commonwealth Building. Omi abẹ́ ilẹ̀ ni ó ń lò.

Ìgbà tí epo wọ́n ní 1973 ni ayé tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Sweden, tí òtútù rẹ̀ ju ti New York lọ, bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ́ ilẹ̀, ó sì di ọ̀kan lára àwọn ibi tí irú ẹ̀rọ náà ti pọ̀ jù lọ láyé. Ní Amẹ́ríkà, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Oklahoma di ibùdó ẹ̀kọ́ iṣẹ́ náà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ IGSHPA sílẹ̀ ní ọdún 1987, ẹgbẹ́ tí ń kọ́ àwọn oníṣẹ́ ní bí a ti ń ri páìpù sínú ilẹ̀ bó ti yẹ.

Weeksville: àwọn tí ó fi ọwọ́ ara wọn kọ́lé

Kí a tó dé orí bí a ti ń yàn, ẹ jẹ́ kí a yà sí agbègbè Crown Heights ní Brooklyn, nítorí ibẹ̀ ni ìtàn ooru ilẹ̀ àti ìtàn àwọn ènìyàn dúdú tí ó kọ́lé ara wọn ti pàdé.

Ní ọdún 1827 ni oko ẹrú parí pátápátá ní ìpínlẹ̀ New York. Ṣùgbọ́n òfin ọdún 1821 ti sọ pé ọkùnrin dúdú kò lè dìbò àfi bí ó bá ní ohun ìní tí iye rẹ̀ tó $250. Ilẹ̀ ni ọ̀nà àbáyọ. Ní ọdún 1838, James Weeks, ọkùnrin dúdú tí ń ṣiṣẹ́ ní èbúté, ra ilẹ̀ lọ́wọ́ Henry C. Thompson, tí òun náà jẹ́ ènìyàn dúdú tí kì í ṣe ẹrú. Àwọn mìíràn tẹ̀ lé e. Wọ́n kọ́ ilé pákó, wọ́n kọ́ ilé-ìwé àti ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì tẹ ìwé ìròyìn tiwọn. Nígbà tí ó fi di àwọn ọdún 1850, àwọn olùgbé Weeksville ti ju 500 lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n bí Susan Smith McKinney Steward, obìnrin dúdú àkọ́kọ́ tí ó di dókítà ní ìpínlẹ̀ New York. Nígbà tí àwọn jàǹdùkú ń pa ènìyàn dúdú ní Manhattan ní oṣù keje ọdún 1863, Weeksville ni ọ̀pọ̀ sá wá.

Ìlú ńlá bo abúlé náà mọ́lẹ̀, orúkọ rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ parun. Ní ọdún 1968, James Hurley, òpìtàn, àti Joseph Haynes, tí ó mọ ọkọ̀ òfuurufú wà, fò lórí Brooklyn, wọ́n sì rí àwọn ilé pákó mélòó kan lẹ́bàá ọ̀nà àtijọ́ Hunterfly Road tí kò bá títì tuntun dọ́gba. Ìjọba ìlú dáàbò bo àwọn ilé náà ní ọdún 1970. Joan Maynard ni ó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ ṣáájú àwọn tí ó tọ́jú wọn.

Nígbà tí Weeksville Heritage Center kọ́ ilé tuntun rẹ̀, tí wọ́n ṣí ní ọdún 2014, ilé-iṣẹ́ ayàwòrán ilé Caples Jefferson ni ó ya àwòrán rẹ̀, wọ́n sì mú ẹwà iṣẹ́ ọnà Áfíríkà wọ inú rẹ̀. Fún ooru àti ìtutù rẹ̀, ilẹ̀ Weeksville fúnra rẹ̀ ni wọ́n gbẹ́. Ilẹ̀ tí àwọn ènìyàn dúdú rà nígbà tí wọ́n ń wá ẹ̀tọ́ ìdìbò ni ó tún ń mú ara àwọn ọmọ-ọmọ wọn yá gágá lónìí. Ẹ mú àwọn ọmọ yín lọ wo ibẹ̀.

Ilẹ̀ New York kò rí bákan náà

Bí a bá gbẹ́ kànga ní Abẹ́òkúta, a lè bá òkúta pàdé kíákíá. Ní etí ọ̀sà Èkó, yanrìn àti omi ni. New York náà rí bẹ́ẹ̀. Òkúta líle ni ó wà lábẹ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ibi ní Manhattan àti Bronx. Ní Brooklyn àti Queens, yanrìn, amọ̀ àti òkúta wẹ́wẹ́ tí yìnyín ayé àtijọ́ kó wá ni ó wà lókè, òkúta líle sì máa ń jìn sí i bí a ti ń lọ sí ìhà òkun. Nítorí náà, ọ̀nà tí ó bá aládùúgbò rẹ ní Bronx mu lè má bá ọ mu ní Canarsie.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀. Èkíní ni kí a lu ihò lọ sísàlẹ̀, kí a ri páìpù ọ̀rá líle sí i, kí omi máa yí po nínú páìpù láìkan ilẹ̀. Èkejì ni kí a fa omi abẹ́ ilẹ̀ gan-an, kí a gba ooru rẹ̀, kí a sì dá a padà. Èyí nílò ibi tí omi abẹ́ ilẹ̀ ti pọ̀. Ẹ̀kẹta ni kànga jíjìn nínú òkúta líle, tí à ń fa omi rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ tí a sì ń dá a padà sínú kànga kan náà. Ọ̀nà ẹ̀kẹta yìí ni Kàtídírà St. Patrick ní Fifth Avenue lò. Nígbà tí wọ́n parí iṣẹ́ náà ní ọdún 2017, wọ́n ti gbẹ́ kànga mẹ́wàá, tí àwọn mìíràn nínú wọn jìn tó nǹkan bí 2,200 ẹsẹ̀ bàtà. Ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ṣí ní ọdún 1879 kò ní àyè fún ẹ̀rọ ńláńlá lórí òrùlé, ni wọ́n bá lọ sí abẹ́ ilẹ̀. Ní Greenpoint, ní Brooklyn, ilé ńlá tí ó wà ní 1 Java Street, tí ó ní ibùgbé 834, lo ọ̀nà èkíní pẹ̀lú ihò 320, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jìn tó 499 ẹsẹ̀ bàtà.

Ẹ ó bèèrè pé kí ló dé tí kò fi pé 500. Òfin ni. Ní ìpínlẹ̀ New York, ihò tí ó bá kọjá 500 ẹsẹ̀ bàtà bọ́ sábẹ́ òfin àwọn tí ń wa epo àti ohun àlùmọ́nì, ìwé àṣẹ rẹ̀ sì le. Ọdún 2023 ni ìpínlẹ̀ náà tó tú irú páìpù ọ̀nà èkíní sílẹ̀ kúrò lábẹ́ ẹrù yẹn. Síbẹ̀, abẹ́ ìlú yìí kò ṣófo. Ọkọ̀ ojú irin wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọ̀nà omi ńlá tí ìlú ń mu, títí kan èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ́ ní ọdún 1970. Ẹni tí yóò lu ilẹ̀ gbọ́dọ̀ gba àṣẹ kí ó má bàa lu ohun tí ó jẹ́ ti gbogbo ìlú.

Ohun tí ẹni tí ń kọ́lé yóò gbé yẹ̀wò

Ìwé òfin kẹrìnléláàádọ́jọ ti ọdún 2021, tí wọ́n ń pè ní Local Law 154, ti yí ọ̀rọ̀ padà fún ẹni tí ń kọ́lé tuntun ní ìlú yìí. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2024, ilé tuntun tí kò tó àjà méje kò lè fi gáàsì tàbí epo yáná mọ́. Nítorí náà, ìbéèrè kì í tún ṣe gáàsì tàbí ilẹ̀. Ohun mẹ́ta ni ó kù: ẹ̀rọ tí ń sun iná mànàmáná tààrà, ẹ̀rọ tí ń fa ooru láti inú afẹ́fẹ́, àti ẹ̀rọ tí ń fa ooru láti inú ilẹ̀.

Èkíní ni pàkúté. Owó rẹ̀ kéré lọ́jọ́ àkọ́kọ́, agbaṣẹ́ṣe tí ó fẹ́ yára lọ a sì máa yìn ín. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n iná kan tí ó bá jẹ, ìwọ̀n ooru kan ni yóò fún ọ. Ẹ̀rọ ilẹ̀ tí wọ́n ṣe dáadáa a máa fúnni ní ìwọ̀n mẹ́ta sí mẹ́rin fún ìwọ̀n iná kan, nítorí pé ilẹ̀ ni ó ń mú ìyókù wá. Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ wà láàárín méjèèjì: owó rẹ̀ kéré sí ti ilẹ̀ púpọ̀, ó sì dára, ṣùgbọ́n bí òtútù bá ti ń le sí i ni agbára rẹ̀ ń dín kù, ní ọjọ́ tí a nílò rẹ̀ jù lọ. Ẹni tí àyè rẹ̀ há tàbí tí owó rẹ̀ kò tó lè yan ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ láìsí ìtìjú. Ẹni tí yóò gbé ilé náà fún ìgbà pípẹ́, tí ó sì fẹ́ fi í sílẹ̀ fún ọmọ, ni ẹ̀rọ ilẹ̀ tọ́ sí jù.

Ilé ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe, kí ẹ tó ra ẹ̀rọ. Ògiri tí wọ́n fi ohun ìdènà òtútù sí dáadáa, fèrèsé tí kò jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé, àti òrùlé tí kò jẹ́ kí ooru sá lọ, àwọn ni yóò dín ihò tí ẹ ó lù kù. Àwọn oníṣẹ́ a máa fi tọ́ọ̀nù wọn agbára ẹ̀rọ, tọ́ọ̀nù kan sì jẹ́ 12,000 BTU ní wákàtí kan. Ní ìṣirò gbogbogbòò, tọ́ọ̀nù kan a máa gba nǹkan bí 150 sí 200 ẹsẹ̀ bàtà ihò. Ilé tí ó nílò tọ́ọ̀nù mẹ́ta yóò gba 450 sí 600, èyí tí í ṣe ihò kan tàbí méjì. Ilé kan náà tí ògiri rẹ̀ kò dára lè gba ìlọ́po méjì. Ẹ má gba agbaṣẹ́ṣe tí ó bá fi ojú wọn ilé yín. Ẹ bèèrè ìṣirò ooru yàrá kọ̀ọ̀kan lórí ìwé.

Èkejì, ẹ lu ilẹ̀ kí ilé tó bo ilẹ̀. Ilẹ̀ ìlú yìí sábà máa ń jẹ́ 25 ẹsẹ̀ bàtà ní fífẹ̀ àti 100 ní gígùn, ọkọ̀ tí ń lu ihò sì tóbi. Ẹni tí ilé rẹ̀ ti dúró lè má rí ibi tí ọkọ̀ náà yóò gbà wọlé mọ́. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́lé ni ó ní àǹfààní yìí, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo sì ni.

Ẹ̀kẹta, ẹ mọ ọwọ́ tí yóò ṣe é. Ẹ bèèrè ẹni tí ó kọ́ ọ níṣẹ́, ilé tí ó ti ṣe sẹ́yìn, àti ẹni tí yóò wá bí ẹ̀rọ bá dákẹ́ ní òru. Kí wọ́n tó bo ilẹ̀, ẹ rí i pé wọ́n ti dán páìpù wò bóyá ó ń jò, kí ẹ sì gba àwòrán tí ó fi ibi tí páìpù kọ̀ọ̀kan wà hàn. Ẹ fi í pamọ́ pẹ̀lú ìwé ilẹ̀. Ìgbà ń bọ̀ tí ọmọ yín yóò fẹ́ gbẹ́ nǹkan ní ẹ̀yìnkùlé.

Ní ti owó, kí a má tan ara wa: lílu ilẹ̀ wọ́n. Ìjọba àpapọ̀ máa ń dá ìdá 30 nínú 100 padà nínú owó orí fún ẹni tí ó bá ṣe é sí ilé ara rẹ̀, ṣùgbọ́n òfin tí wọ́n bu ọwọ́ lù ní oṣù keje ọdún 2025 fi òpin sí i nígbà tí ọdún náà parí. Ìpínlẹ̀ New York ṣì ní tirẹ̀, ìdá 25 nínú 100, tí kò ju $10,000 lọ fún ẹ̀rọ tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2025. Ẹ̀dínwó tún wà lábẹ́ ètò NYS Clean Heat. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí ó mọ̀ nípa owó orí bá yín wò ó kí ẹ tó bu ọwọ́ lùwé, nítorí ohun tí ìjọba fi ọ̀tún fúnni, ó lè fi òsì gbà á padà.

Àwọn kan yóò ní, "Bí iná bá lọ ńkọ́?" Ìbéèrè ọmọ Nàìjíríà ni, ó sì dára. Nígbà tí ìjì Sandy jà ní oṣù kẹwàá ọdún 2012, òkùnkùn bo ìsàlẹ̀ Manhattan fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹ̀rọ ilẹ̀ kò lè ṣiṣẹ́ láìsí iná mànàmáná. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ bọ́ìlà gáàsì náà nílò iná kí ó tó lè tan. Ilé tí ó di òtútù mọ́ ìta dáadáa ni yóò pẹ́ jù kí ó tó tutù, ohunkóhun tí ó wù kí ó máa mú un gbóná.

Ohun tí a ó fi sílẹ̀

Ẹ̀rọ inú ilé lè lo ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí a tó pààrọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n páìpù tí a rì sínú ilẹ̀, a retí pé kí ó lo àádọ́ta ọdún, kí ó sì kọjá bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀. Ẹni tí ó bá di ẹni ọdún 45 kí ó tó kọ́lé, kò ní rí òpin páìpù náà. Ọmọ rẹ̀ ni yóò rí i, bóyá ọmọ-ọmọ rẹ̀.

Àwọn baba wa mọ irú ìṣirò yìí. Ẹni tí ó gbin obì mọ̀ pé òun lè má pẹ́ tó láti jẹ nínú rẹ̀ tẹ́rùn, síbẹ̀ ó gbìn ín. James Weeks ra ilẹ̀ ní ọdún 1838. Ìran tí kò mọ̀ ni ó ń jẹ àǹfààní rẹ̀. Àwa tí a rìn jìnnà wá sí ìlú yìí, bí Ọlọ́run bá fún wa ní agbára láti kọ́lé, ẹ má ṣe jẹ́ kí a kánjú lórí ohun tí yóò wà lábẹ́ rẹ̀. Ní òwúrọ̀ tí yìnyín bá bo títì, ẹ pe àwọn ọmọ jókòó, kí ẹ sọ ìtàn kànga ilé fún wọn: pé omi kò yí padà, òkè ni ó ń yí, àti pé ooru kan náà tí ìyá yín fi dòrò fà ní òwúrọ̀ ọyẹ́ ni ó ń gòkè wá bá wọn nínú yàrá.

Kí ilé tuntun tu gbogbo wa lára. Àṣẹ.